Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kò Lè Pè

Orúkọ òyìnbó ni orúkọ ìdílé wa. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí àwọn tó ń jẹ́ ẹ ṣì wà láyé, wọn ò sì bẹ̀ mí pé kí n fi àwọn sínú ìwé. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe irú èyí tí etí wa ti mọ́, irú èyí tí àwọn ará Sàró gbé bọ̀ wá sí Èkó. Àwọn òyìnbó fúnra wọn kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn tó wá kọ́ni ní yunifásítì wa ka orúkọ mi lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó wo ojú mi, ó tún wo ilẹ̀kùn, ó béèrè ibi tí mo ti rí i. Mo ní bàbá mi ló fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé ní ogún ọdún. Ẹni tó fẹ́ yí orúkọ padà nítorí ìgbéyàwó, ẹni tó fẹ́ yọ òrìṣà kúrò nínú orúkọ bàbá rẹ̀ kó fi Jésù síbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n á mú ìwé ìbúra wá láti kóòtù, màá lu òǹtẹ̀ sí i, ó parí. Èmi kì í bi wọ́n ní ìdí. Mo ti rí i pé ẹni tó bá ń ṣàlàyé orúkọ ara rẹ̀ jù, irọ́ ló fẹ́ pa. Èmi náà kì í ṣàlàyé tèmi. Bí wọ́n bá béèrè bóyá ará Sàró ni wá, màá ní rárá, ọmọ Òkèrèwè ní Ifẹ̀ ni wá. Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ ọn, màá ní kí wọ́n lọ bi àwọn baba ńlá mi.

Ó wá di ọjọ́ kan tó jẹ́ èmi gan-an ni mo ní láti lọ bi wọ́n.

Ohun tó fà á ni ikú olórí ẹbí wa. Nínú agbo ilé wa ní Òkèrèwè, ọkùnrin tó bá dàgbà jù ló ń ṣe olórí ẹbí, bàbá mi ló sì kàn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, iṣẹ́ káfíńtà ló fi tọ́ wa, kò lépa ipò kankan rí láyé rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí ni ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí èmi ń pè ní bàbá kékeré. Bàbá tó bí i àti bàbá tó bí bàbá mi jọ dàgbà nínú ilé kan náà ni. Wọ́n ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò títí wọ́n fi kú. Ìyá wọn yàtọ̀, orúkọ ìdílé wọn náà yàtọ̀: tiwa jẹ́ ti òyìnbó, tiwọn jẹ́ ti Yorùbá. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn pe nǹkan kan títí di ọjọ́ tí ẹbí ṣèpàdé lórí ẹni tí yóò di olórí.

Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bàbá kékeré dìde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, òtítọ́ lásán lòun fẹ́ sọ. Ó ní baba ńlá tó kọ́ ilé ní orúkọ, gbogbo ẹbí ló mọ orúkọ náà, òun náà sì lòun ń jẹ́. Ta wá ni baba àwọn tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó? Ó ní láyé ọjọ́un, àjèjì máa ń sá di onílé. Ẹrú tí òyìnbó dá sílẹ̀ ń bẹ, ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó ń bẹ, baba ńlá àwọn sì jẹ́ ẹni tí ń gba àlejò. Ó ní kò burú, ẹnikẹ́ni ò lé wọn. Ṣùgbọ́n àlejò kì í ṣe olórí ẹbí lé onílé lórí.

Bàbá mi padà sílé rẹ̀ nítòsí mi, ó jókòó sórí àga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, kò bọ́ fìlà. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní: "Ti olórí ẹbí kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi nínú ilé yẹn ni mo ti sọ fún yín pé kí ẹ sin mí sí. Bí mi ò bá í ṣe ọmọ ibẹ̀, ṣé wọ́n á gbà fún yín?"

Inú bí mi, mo gbé abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní: "Ìwọ tó ń ṣe iṣẹ́ ìwé, bá mi wá ibi tí orúkọ yìí ti wá. Kí n mọ̀ kí n tó lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹrú ni wá, sọ fún mi. Má fi pa mọ́."

Ibi tí gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀ lóde òní lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn orí fóònù. Mo rí i pé abúlé kan ń jẹ́ orúkọ náà ní apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀: àgùntàn, òkúta, òjò. Mo rí obìnrin kan tó ń kó ìtàn àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà jọ, mo kọ̀wé sí i. Èsì rẹ̀ dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó sì gùn. Kó tó dáhùn ìbéèrè kankan, ó ti kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn òun ra àwọn ènìyàn mi rí tàbí wọ́n tà wọ́n. Òun ò rí i nínú ìwé kankan, àmọ́ bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ṣe tán láti gbọ́. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ń wá bàbá, òun ń wá ẹ̀ṣẹ̀. Mo fèsì pé mi ò tíì mọ̀.

Ó fi ohun kan kún un ṣá o. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá bàbá òun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti máa ra ekùrọ́ àti kòkó fún ilé-iṣẹ́ kan, ibà lé e padà sílé, kò sì gbéyàwó títí ó fi kú. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ọkùnrin tín-ín-rín kan tó dé fìlà etí gbọọrọ dúró ti ìwọ̀n, ó fajú ro bí ẹni tí eyín ń dùn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fi imú rẹ̀ wé ti bàbá mi. Wọn ò jọra rárá. Ara mi balẹ̀ díẹ̀, mo sì tún bínú sí ara mi pé ó balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún bàbá bàbá mi ní kékeré. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó di onígbàgbọ́ nínú ilé wa. Inú àpótí páànù ni wọ́n kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìgbà náà sí, ikán ti jẹ lára wọn. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí i. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, orúkọ ìyá wà níbẹ̀. Níbi orúkọ bàbá, orúkọ òyìnbó náà nìkan ni wọ́n kọ, kò sí òmíràn níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá: alágbàṣe nídìí ìwọ̀n. Ẹ̀sìn bàbá: kèfèrí. Ẹni tó mú ọmọ wá: ìyá rẹ̀, òun nìkan.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Inú mi dùn sí ìwé náà bí inú àwa oníṣẹ́ àkọsílẹ̀ ṣe máa ń dùn sí ìwé tó ti gbó. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi sórí WhatsApp ẹbí kí n tó ronú. Kò pẹ́ tí bàbá kékeré fi dáhùn. Ó ní: "Thank you, my daughter. O ti bá wa parí ẹjọ́. Ó ti wà ní black and white báyìí pé bàbá tiwọn ní orúkọ tirẹ̀, kì í ṣe bàbá wa." Àwọn kan fi ọwọ́ àdúrà sí abẹ́ rẹ̀. Fún ogún ọdún lèmi náà ti ń sọ fún àwọn ọmọ ènìyàn pé ohun tí ìwé bá wí ni abẹ gé. Ó wá gé mi wàyí. Bàbá mi ò ní WhatsApp, ẹnìkan ló kà á fún un. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Wọ́n ní o ti rí i," ó sì pa fóònù. Mo sunkún nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, mo ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi.

Ohun kan ń yọ mí lẹ́nu nínú ìwé náà, kèfèrí yẹn. Ẹrú tí òyìnbó dá sílẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó, àwọn ló máa ń ṣáájú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kèfèrí wo ló ń jẹ́ orúkọ òyìnbó? Kí ló sì dé tí ìyá fi dá lọ? Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó lè mọ̀.

Ẹni náà ni ìyàwó tó dàgbà jù nínú ilé wa. Àbúrò bàbá bàbá mi, ọmọ ìyá kan náà, ló fẹ́ ẹ. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá mú un lọ sọ́dọ̀ ní Òkè-Ogbó. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyá. Òun kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ nínú àwọn tí wọ́n bí sínú ilé ṣáájú kó tó dé, nítorí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti orúkọ ọkọ. Ó fún kálukú ní orúkọ tí ẹnu rẹ̀ gbà. Eyínmẹ́nugún ló ń pe bàbá mi, ẹni tí eyín rẹ̀ kù mẹ́ta báyìí. Akọ̀wé ló ń pe bàbá kékeré láti ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ ọmú. Kódà, bíríkìlà kan wà tó háyà ilé ní iwájú ilé wa ní Òkèrèwè, ará ìlú mìíràn, ó kéré sí àbíkẹ́yìn Ìyá. Ìyá ń pe ọkùnrin yìí ní Bàbá Ọkọ Mi. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wa, bí bíríkìlà bá ti ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, Ìyá á ní, "Bàbá Ọkọ Mi, ẹ káàárọ̀ o," gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kékeré ló máa ń rẹ́rìn-ín jù. A gbà pé àwàdà àgbàlagbà ni.

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó tì í, mo ní: "Ìyá, ta ni òyìnbó tó ni orúkọ wa?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. "Òyìnbó wo? Bàbá ni."

"Bàbá wo?"

"Bàbá ọkọ mi. Àbí bàbá wo ló tún wà?"

Ó wá ròyìn fún mi. Ó ní nígbà tí wọ́n mú òun wọlé ní ìyàwó, ìyá ọkọ òun, tí í ṣe ìyá bàbá bàbá mi, pe òun jókòó, ó ka gbogbo orúkọ tí òun lè máa fi pe àwọn ará ilé fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ òun ń gbé àpò ekùrọ́ lé ìwọ̀n fún òyìnbó kan nígbà èwe rẹ̀. Bó bá ti délé, orúkọ òyìnbó yẹn ló máa gba ẹnu rẹ̀ kan: òyìnbó ní báyìí, òyìnbó ṣe báyìí. Òyìnbó náà fún un ní fìlà kan tó ti gbó nígbà tó ń lọ sílé rẹ̀, ọkọ òun kò sì bọ́ fìlà náà àfi tó bá fẹ́ sùn. Ó sú ìyàwó. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ òyìnbó náà pè é, á wá ní: "Ẹ jọ̀ọ́, omi ìwẹ̀ yín ti wà nílẹ̀." Ọkọ kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, bí ó bá fi òmíràn pè é, kì í dáhùn.

"Ìrìbọmi ńkọ́, Ìyá?"

"Bàbá ò fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Ọjọ́ tó lọ sóko ni ìyá ọkọ mi gbé ọmọ pọ̀n, ó lọ. Kò sí ọmọ ilé kankan tó tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá bi ìyàwó ní orúkọ ọkọ rẹ̀ níta, ọmọ ilé ni í bá a pè é. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń kọ̀wé sì na kálámù sókè, ó ń dúró. Kí ló fẹ́ ṣe? Èyí tí ẹnu rẹ̀ lè pè ló pè."

Ọ̀rọ̀ ìwé náà yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí bàbá kékeré máa sọ: bàbá ọkọ Ìyá gan-an ni ẹjọ́ dá lé lórí. Ta ni ọkùnrin náà? Mo ní: "Ìyá, kí wá ni orúkọ bàbá gan-an?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ aṣọ. "Bàbá ọkọ mi ni o fẹ́ kí n dárúkọ?"

"Kò sí ẹlòmíràn níbí, Ìyá. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ni."

"Èmi wà níbí."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Kò pè é. Bí mo ṣe ń wakọ̀ padà, inú ń bí mi sí gbogbo àwọn ìyàwó ilé tó ti wà láyé rí. Àṣà kan náà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, òun náà ló tún dí ọ̀nà. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni pé bó bá di ọjọ́ tí ẹbí máa tún pàdé kí n wá gbé òun.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé náà. A gba Ẹnuwà kọjá, Ìyá ń wo àwọn ọlọ́jà láti inú ọkọ̀, ó ń sọ ẹni tó ti sanra. Ní Òkèrèwè, wọ́n gbé àga fún un láàárín ẹbí. Ó rò ó bó ṣe rò ó fún mi, ní èdè Ifẹ̀ pọ́ńbélé. Nígbà tó dé ibi fìlà, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo ilẹ̀.

Bàbá kékeré ní: "Ìyá, ẹ ṣeun. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ta ni bàbá tí ẹ ń sọ? Ẹ dárúkọ rẹ̀ kí gbogbo wa gbọ́." Ọmọ ilé ni, ó mọ̀ pé kò ní pè é. Mo kórìíra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, mi ò ní purọ́.

Ẹnìkan ti fẹ́ ṣe àdúrà ìparí. Ìyá wá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Akọ̀wé, bíríkìlà iwájú ilé wa, orúkọ wo ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́?"

Bàbá kékeré ní: "Orúkọ tiwa yìí náà ni, Ìyá. Orúkọ àbísọ tirẹ̀ ló jẹ́."

"Ẹ̀yin ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wa là ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Kí lèmi ń pè é?"

Gbogbo ilé dáhùn pa pọ̀, àtọmọdé àtàgbà, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Bàbá Ọkọ Mi!"

Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i bó ṣe ń yé wọn, láti orí àga kan dé orí èkejì. Ẹlòmíràn ni bíríkìlà, kò bá wa tan. Kí ni ìyàwó ilé wa rí tó fi ń sá fún orúkọ rẹ̀ láti ọdún yìí wá, bí kì í bá ṣe pé orúkọ náà ni bàbá ọkọ rẹ̀ ń jẹ́?

Ìyá ní: "Nígbà tó kan bàbá tiyín láti lọ sílé-ìwé, Akọ̀wé, bàbá ti gba ti ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ. Ọkùnrin lè pe orúkọ ara rẹ̀."

Bàbá kékeré bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó wá dìde, ó lọ síwájú bàbá mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Bàbá mi ní kó dìde, kó má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeré. Ìgbà náà ló tó bọ́ fìlà.

Mo kọ̀wé sí obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kó fọkàn balẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tà wá, fìlà kan ṣoṣo ló dà wá pọ̀. Mo sì sọ fún bàbá mi pé mo ti gba fọ́ọ̀mù ìbúra sílẹ̀, bó bá fẹ́ kí a yí orúkọ náà padà sí ti baba ńlá gan-an. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ó ní kí n fà á ya. Ó ní orúkọ òyìnbó kọ́, ìyá bàbá òun ló sọ ọ́.

Kò ṣe olórí ẹbí tó ọdún kan tó fi kú lójú oorun. Bàbá kékeré fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀ níbi tí wọ́n máa gbẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá bàbá mi, bíríkìlà iwájú ilé ló sì mọ ibojì náà. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ ìdílé wa sí i ní lẹ́tà ńlá. Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, mo gbé Ìyá wá wò ó. Kò mọ̀wé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ wa kà á fún un, ó fi ohùn rara pe orúkọ òyìnbó náà.

Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní: "Ẹ rọra pè é. Orúkọ tí ìyá ọkọ mi fi ń pe ọkọ rẹ̀ ní yàrá ni."